Ilẹ̀ Tí Wọ́n Ní Kò Sí Nǹkan Níbẹ̀

Bí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ dí àbàtà kan ládùúgbò yín, kò ní í wá láàárọ̀ Mọ́ńdè. Ìrọ̀lẹ́ Jímọ̀ ni típà àkọ́kọ́ máa ń dé, lẹ́yìn tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba bá ti ti ọ́fíìsì. Wọ́n á da yẹ̀pẹ̀ mọ́jú Sátidé, wọ́n á tún dà á lọ́sàn-án Sọ́ńdè nígbà tí ọ̀pọ̀ wa ṣì wà ní ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá fi máa di Mọ́ńdè tí ẹ máa rí ẹni fẹjọ́ sùn, omi ti di ilẹ̀. Tí ìsinmi Iléyá tàbí Kérésì bá wá bọ́ sáàárín, wọ́n á ti gbé búlọ́ọ̀kù dé fèrèsé. Mi ò ka èyí níbì kankan o. Ẹ̀yìn ilé wa ni mo ti rí i.

Ìhà Ẹlẹ́yẹlé n'Ìbàdàn ni mò ń gbé, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ àwọn lándíọ́ọ̀dù àdúgbò wa. Iṣẹ́ tíṣà ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbé ipò náà fún mi: wọ́n gbà pé ẹni tó bá ti ṣe tíṣà rí, kò sí lẹ́tà tí kò lè kọ. Nísàlẹ̀ òpópónà wa ni àbàtà kan wà, tí odò kékeré gba inú rẹ̀ kọjá lọ sínú adágún Ẹlẹ́yẹlé. Ẹ má fojú igbó ńlá wò ó. Ẹni tó bá ń jẹ àgbàdo sísun lọ́wọ́, tó sì rọra ń rìn, á ti yí i po kó tó jẹ ṣùkù kan tán. Ògùrọ̀ àti ọparun ló pọ̀ níbẹ̀, ayùnrẹ́ wà, ìrókò kan ṣoṣo náà wà tó yọrí lókè gbogbo wọn. Yanja-yanja máa ń bà sórí igi tó tẹ̀ sódò. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń sá lórí ọ̀pẹ. Awọ́nríwọ́n kan wà tí àwọn ọmọ ń pè ní Bàbá Lándíọ́ọ̀dù, nítorí pé àárín ọ̀nà ló ti máa ń yá oòrùn, kì í sì í yà fún ọ̀kadà.

Ṣùgbọ́n lékelèke ni gbogbo àdúgbò fi mọ ibẹ̀. Tí oòrùn bá ti ń wọ̀, wọ́n á máa ti ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀ lé màálù jẹ̀ bọ̀, ọ̀wọ́ lé ọ̀wọ́, wọ́n á yí po lókè lẹ́ẹ̀kan, wọ́n á wá bà lé ọparun. Ìjà ni wọ́n fi ń sùn. Èyí tó kọ́kọ́ dé á ti gba ẹ̀ka tó dúró dáadáa, èyí tó pẹ́ á sọ ọ́ lẹ́nu títí yóò fi kúrò, èyí tí wọ́n lé á bọ́ sórí ẹ̀ka ìsàlẹ̀, á sì lé ẹlòmíì níbẹ̀. Ariwo yẹn kì í rọlẹ̀ àfi tí ilẹ̀ bá ṣú pátápátá. Tí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ̀ẹ́ rí i tí ìgbẹ́ wọn ti sọ ewé ọparun di funfun, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo ìsàlẹ̀ òpópónà. Mo sọ ti òórùn náà nítorí pé ẹni tó bá fẹ́ gbèjà ẹyẹ níwájú aládùúgbò rẹ̀, kó má ṣe bí ẹni pé ẹyẹ kì í yàgbẹ́.

Ọdún 1942 ni wọ́n sé odò Ọ̀nà ní Ẹlẹ́yẹlé kí ará Ìbàdàn lè rí omi ẹ̀rọ mu. Wọ́n gbin igi yí adágún náà ká, pàápàá tíìkì, kí gbòǹgbò lè di ilẹ̀ mú kí erùpẹ̀ má baà wọ́ wọ inú omi. Láti ìgbà náà ni ilé ti ń sún mọ́ omi díẹ̀díẹ̀. Tèmi náà wà lára àwọn ilé yẹn.

Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni wọ́n wá. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn náà ló sì bọ́gbọ́n mu fún ẹni tó fẹ́ ta àbàtà, nítorí pé tí oòrùn oṣù kejì bá ti sá a títí ilẹ̀ rẹ̀ fi sán, àlejò á rẹ́rìn-ín tí ẹ bá sọ fún un pé omi ń gbé ibẹ̀. A jí lọ́jọ́ kan, a rí pílà tí wọ́n kùn ní pupa láti ẹ̀bá ọ̀nà títí dé etí odò. Iléeṣẹ́ kan tó ń ta ilẹ̀ ló ni wọ́n. Ọkùnrin tó ń bójú tó iṣẹ́ náà kì í ṣe aláìlẹ́kọ̀ọ́ rárá. Ó kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, ó ní, "Mummy, ẹ fọkàn balẹ̀. Kò sí nǹkan níbẹ̀, igbó lásán ni. Tí a bá ṣe tán, ilé yín náà á gbówó lórí."

Òótọ́ ló sọ nípa owó orí ilé. Ìdí nìyẹn tí ìpàdé tí a pè fi gbóná. Àwọn kan ní kí wọ́n jẹ́ kí iléeṣẹ́ náà ṣiṣẹ́, ọ̀dà á dé ojú títì, tiransifọ́mà tuntun á dé. Ọmọ yunifásítì kan dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ ẹyẹ tó ti rí níbẹ̀ jáde láti inú fóònù rẹ̀. Ọmọ náà ṣe dáadáa, ó mọ ohun tó ń sọ. Alága wa tẹ́tí sí i tán, ó ní, "Ọmọ mi, èwo nínú wọn ló ń san owó sìkíọ́rítì?" Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ìyá àgbà tó ń gbé ilé tó kángun sódò ló yí i padà. Ìyá náà kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé, kódà ó máa ń sùn. Lọ́jọ́ yẹn ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ mi, omi tó ń sùn síbẹ̀ yẹn, tí ẹ bá gba ibùsùn rẹ̀, ilé ta ni kó lọ sùn?"

N'Ìbàdàn, kò sí ẹni tó yẹ kéèyàn ṣàlàyé omíyalé fún. Àwọn àgbà wa ṣì ń fi Ọ̀gúnpa ka ọjọ́ orí ọmọ: ọmọ yìí ti ń rìn nígbà tí Ọ̀gúnpa ya, èyí kò tíì dé. Ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980 ni, omi kó ilé àti èèyàn lọ, ó sì ba ọgbà ẹranko Agodi jẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ 2011, tí adágún Ẹlẹ́yẹlé fúnra rẹ̀ kún àkúnya, afárá já kiri ìgboro, ó sì lé ní 100 èèyàn tó bá a lọ. Àwọn tó wà ní ìpàdé yẹn rántí ibi tí oníkálukú wọn wà lóru ọjọ́ náà. Ẹ̀rín parẹ́. Alága ní kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà.

Ohun tí mo mú níbẹ̀ ni pé omi ni màá kọ sí ìlà àkọ́kọ́, ẹyẹ á wá tẹ̀ lé e. Kì í ṣe pé ẹyẹ kò ṣe pàtàkì. Ẹni tó ń sanwó ilé-ìwé ọmọ mẹ́rin kò ní í dìde nítorí yanja-yanja, ṣùgbọ́n ó máa dìde nítorí àga tó wà ní pálọ̀ rẹ̀, tó bá sì dìde tán, yanja-yanja á jàǹfààní rẹ̀. Àbàtà wa dà bí àmù tó ní ihò kékeré nídìí: òjò tó bá rọ̀ fún wákàtí méjì, ó gba gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, á wá máa jò ó jáde fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ohun kan náà ló ń jẹ́ kí kàǹga àwọn ilé ìsàlẹ̀ ṣì ní omi ní oṣù kejì, nígbà tí tiwa lókè ti gbẹ. Àwọn tó ń pọn omi ní kàǹga yẹn kò mọ̀ pé àbàtà ló ń fún wọn. Nígbà tí a là á yé wọn, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ fọwọ́ sí ìwé.

Ọ̀rọ̀ wá kan ìwé wàyí. Ẹ jẹ́ n pẹ́ díẹ̀ níbí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń jẹ àwọn èèyàn níyà.

A lọ sí ọ́fíìsì tó ń rí sí ètò ilé kíkọ́, a ní ká rí àwòrán bí wọ́n ṣe pín ilẹ̀ àdúgbò wa. Akọ̀wé ibẹ̀ ní fáìlì kò sí nílé. A padà lọ, ó ní ẹni tí kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ sí ìsìnkú. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo jókòó kọ lẹ́tà lábẹ́ òfin ọdún 2011 tó fún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ní ẹ̀tọ́ láti béèrè ìwé lọ́wọ́ ìjọba. Òfin náà fún wọn ní ọjọ́ méje láti fèsì. Ẹ̀dà méjì ni mo gbé lọ, mi ò sì kúrò níbẹ̀ àfìgbà tí wọ́n fi òǹtẹ̀ lu tèmi, pẹ̀lú déètì. Òǹtẹ̀ yẹn ni gbogbo agbára tó wà nínú lẹ́tà. Lẹ́tà tí kò ní òǹtẹ̀, ẹ kò kọ ọ́. Ìwé náà pẹ́ ju ọjọ́ méje lọ, ṣùgbọ́n ó dé, a sì rí i pé wọn kò fi ìlà ilé kankan sí etí odò yẹn. Àyè gbangba ni wọ́n pè é lórí àwòrán.

Ohun kejì tí mo kọ́ ni pé kì í ṣe gbogbo òfin tí àwọn èèyàn ń pariwo ló bá ọ̀rọ̀ yín mu. Gbogbo ẹni tó gbọ́ ẹjọ́ wa ló ń sọ pé ká béèrè ìwádìí ipa lórí àyíká, èyí tí òfin 1992 là kalẹ̀. Lọ́yà kan tó jẹ́ ọmọ ìjọ wa ṣí òfin náà síwájú wa. Ilé gbígbé tí ilẹ̀ rẹ̀ bá tó hẹ́kítà 50 ló kọ sínú àwọn tó di dandan. Gbígbẹ omi àbàtà, ó di hẹ́kítà 100. Àbàtà tí ẹni tó ń jẹ àgbàdo lè yí po, kò sí nínú rẹ̀. Àwọn tó ń ta ilẹ̀ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń bu ìlú jẹ nìyẹn, wọ́n ń bù ú ní wẹ́wẹ́ kí ẹnì kankan má baà rí i. Ohun tó bá tiwa mu ni ìlànà tí ìjọba àpapọ̀ ṣe lọ́dún 2009 lórí àbàtà, etí odò àti etí adágún. Èyí ni a dì mú.

Ìwé òfin Nàìjíríà, ní abala 20, sọ pé kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́, ilẹ̀, igbó àti ẹranko. Lọ́yà ní kí n má wulẹ̀ gbé ọkàn lé e, pé abala tó wà nínú orí yẹn kò ṣeé dá gbé lọ sí kóòtù. Ṣùgbọ́n ó sọ fún wa nípa ẹjọ́ kan tí kóòtù tó ga jù lọ dá lọ́dún 2018, láàárín ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ Centre for Oil Pollution Watch àti NNPC, iléeṣẹ́ epo ìjọba àpapọ̀, lórí epo tó dà sínú odò ní Ìpínlẹ̀ Abia. Ṣáájú ìgbà yẹn, wọ́n lè lé yín kúrò ní kóòtù pé odò kì í ṣe tiyín, kí ló kàn yín. Ẹjọ́ yẹn la ọ̀nà fún ẹgbẹ́ tó bá ń gbèjà àyíká láti pe ẹjọ́. A ò dé kóòtù. Lọ́yà fi ẹjọ́ náà sínú lẹ́tà kan péré tó kọ sí iléeṣẹ́ náà, ọ̀rọ̀ ẹnu wọn sì yí padà láti ọjọ́ yẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti gún mi lára jù ni ilé mọ́gàjí ìdílé tó ni ilẹ̀ látilẹ̀wá. Òfin ilẹ̀ ti 1978 ní gómìnà ló di ilẹ̀ mú fún ará ìlú, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra ilẹ̀ n'Ìbàdàn mọ ilé ẹni tó máa kọ́kọ́ lọ. A mú obì dání, a kúnlẹ̀ kí bàbá, a rojọ́ wa. Bàbá gbọ́ ọ títí a fi sọ tán, ó ní kí wọ́n bu omi fún wa. Lẹ́yìn náà ló béèrè pé, "Ibi tí ẹ kọ́ ilé yín sí, kí ló wà níbẹ̀ kí ẹ tó dé?"

Kò sẹ́ni tó fèsì.

"Igbó ni," bàbá ní. "Mo ti dẹ ọ̀yà níbẹ̀ rí. Nígbà tí ẹ rà á lọ́wọ́ bàbá mi, ẹ ò bi ọ̀yà léèrè. Nísinsìnyí tó kan àwọn ọmọ tèmi láti jẹ nínú rẹ̀, ẹ wá rántí ẹranko."

Títí di òní mi ò ní èsì fún un, mi ò sì gbà pé èsì kan wà tó mọ́ sára. Ẹni tó bá ń jà fún igbó nínú ìlú, orí igbó tó ti kú ló dúró sí. Kò yẹ kí ìyẹn pa á lẹ́nu mọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ kó kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń sọ̀rọ̀ sí onílẹ̀. Bí a bá ti débẹ̀ pẹ̀lú ariwo, tí a pè wọ́n ní ajagungbalẹ̀, ilẹ̀kùn ni bàbá ì bá tì. Nítorí pé a kúnlẹ̀, tí a sì gba ọ̀rọ̀ tó kan wá lójú yẹn mọ́ra, bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ odò náà. Ìyá bàbá rẹ̀ kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gé akòko tó wà létí omi. Inú odò yẹn ni wọ́n ti ń pọn omi tí wọ́n fi ń wẹ ọmọ tuntun ilé wọn. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá ní, "Etí omi kò sí nínú ohun tí a tà o."

Gbólóhùn yẹn ló gba ìdajì àbàtà là. Ilẹ̀ òkè ni ìdílé tà, àwọn tó rà á ló ti pílà sọ̀kalẹ̀ dé odò. Bàbá tẹ̀ka sórí ìwé. A san owó sọ̀féyọ̀, ó wọn ilẹ̀, ó fi nọ́ńbà inú ìwé sọ́fè wé ibi tí pílà wà, kò bára mu. A kó gbogbo rẹ̀ pọ̀: ìwé bàbá, àwòrán láti ọ́fíìsì, ìlànà 2009, àti fọ́tò. Ẹ ò ní í gbà gbọ́ ibi tí fọ́tò ti wá. Ọmọ yunifásítì yẹn ti ń ya àbàtà náà láti oṣù kẹsàn-án, nígbà tí omi kún dé ìdí ọparun, ó ń fi wọ́n sí sítétọ́ọ̀sì WhatsApp rẹ̀ lásán. Déètì wà lórí gbogbo wọn. Ẹ máa ya àbàtà yín nígbà òjò. Fọ́tò ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, ẹlẹ́jọ́ kejì ló ń gbè.

Nígbà tí àwọn típà ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọkùnrin kan wá dúró sí ẹnu ọ̀nà Alága lóru, wọn ò sọ ohun tí wọ́n fẹ́. Ìlànà tí a fi lélẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ kò pọ̀: kí ẹnikẹ́ni má dá nìkan dúró níwájú típà, kí ẹni tó bá rí i wà lẹ́yìn fèrèsé rẹ̀, kó kọ nọ́ńbà ọkọ̀ àti àkókò, kó fi ránṣẹ́ sí gúrúùpù. Ilẹ̀ kò tó ohun tí èèyàn ń kú lé lórí.

Ìjọba wá kọ STOP WORK sára ògiri wọn ní pupa. Apá òkè tí wọ́n ti dí, ó ti lọ nìyẹn. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ló wà níbẹ̀ báyìí. Ìrókò wà ní apá ìsàlẹ̀, ó ṣì dúró. Ọparun tí lékelèke ń sùn sí tẹ́lẹ̀ bá ti òkè lọ, wọ́n kó lọ sórí ayùnrẹ́.

Mo rò pé iṣẹ́ ti tán. Iṣẹ́ ò tán, nítorí pé ọ̀tá àbàtà kì í ṣe ẹni tó ń ta ilẹ̀ nìkan. Kò pẹ́ tí Ìyá Ìbejì, tí ilé rẹ̀ kọjú sí ibẹ̀, fi bá ejò nínú ilé ìdáná rẹ̀. Ó gbé e wá sí ìpàdé, òkú ejò náà gan-an, nínú ike, ó ní kí ẹni tó fẹ́ràn igbó gbé e lọ sílé. Àwọn mìíràn ní olè ń sá pamọ́ síbẹ̀. Ẹ má fi irú ọ̀rọ̀ yìí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tó ń bẹ̀rù ejò nínú ilé rẹ̀ lẹ́tọ̀ọ́ láti bẹ̀rù, tí ẹ bá sì dá a lóhùn pé àyíká ló ṣe pàtàkì, fúnra rẹ̀ ló máa lọ pe katapílà. Ohun tí a ṣe ni pé a ṣán iwájú igbó náà kúrò lẹ́bàá ọ̀nà, kí ojú lè ríran, a kò sì fọwọ́ kan inú. A gbé iná sólà kan sí ẹ̀gbẹ́ títì, a dorí rẹ̀ kodò kó má baà tan sí igi tí ẹyẹ ń sùn. A kó òkìtì búlọ́ọ̀kù àtijọ́ tó wà lẹ́yìn ilé Ìyá Ìbejì kúrò, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni eku ń gbé, eku ni ejò sì ń bá wá. Kò tíì rí òmíràn láti ìgbà náà.

Pàǹtírí le ju ejò lọ. Ibi tí ó dà bí ẹni pé kò ní olówó, kíá ni wọ́n ń sọ ọ́ di ààtàn, ibi tó bá sì ti di ààtàn, kò sẹ́ni tó máa sunkún tí wọ́n bá da yẹ̀pẹ̀ lé e. Wọ́n á tiẹ̀ dúpẹ́. Ọ̀rá píọ̀ wọ́tà ló fẹ́ẹ̀ pa odò wa. Owó ìtanràn tí a fi lélẹ̀ kò ṣiṣẹ́. Ohun tó ṣiṣẹ́ ni pé àwọn ọmọ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó wà nítòsí bẹ̀rẹ̀ sí í wá pẹ̀lú tíṣà wọn láti ka ẹyẹ. Ìtìjú mú àwọn àgbà. Èèyàn kì í lè da pàǹtírí sódò lójú ọmọ tó ń kọ ọ́ sínú ìwé.

Àwọn ọmọ náà kọ́ èmi náà ní nǹkan. Gbogbo wọn ló mọ ìwúre yẹn: agbe ló laró, kì í ráhùn aró, àlùkò ló losùn, kì í ráhùn osùn, lékelèke ló lẹfun, kì í ráhùn ẹfun. Mo ní ta ló ti rí agbe rí. Kò sí. Àlùkò ńkọ́? Kò sí. Lékelèke nìkan ni gbogbo ọwọ́ nà sókè fún. A ń fi ẹyẹ tí a kò mọ̀ súre fún ọmọ. Gúnnugún tí àwọn àgbà ní a kì í pa, a kì í jẹ, ó ti wà láti 2015 lára àwọn ẹyẹ tí wọ́n kọ sílẹ̀ lágbàáyé pé ó kù díẹ̀ kí wọ́n run, wọ́n sì ń ta orí rẹ̀ lọ́jà wa.

Ọmọ kan béèrè ẹni tó gbin ìrókò. Mo sọ fún un pé ó ṣeé ṣe kó jẹ́ àdán, gbogbo wọn pariwo. Àdán tí a ń pè ní ẹyẹ àjẹ́ máa ń jẹ èso ìrókò lóru, á sì yàgbẹ́ hóró rẹ̀ síbi tó jìnnà réré. Ẹ lọ wo àwọn àdán inú ọgbà yunifásítì Ifẹ̀, bí wọ́n ṣe ń kó jáde nírọ̀lẹ́: igbó ọ̀la ni wọ́n ń gbé kiri nínú ikùn.

Wọ́n máa ń bi mí pé ṣé irú àbàtà kékeré báyìí lè pẹ́. Mo wo àwọn tó ti pẹ́. Igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo, nǹkan bíi hẹ́kítà 75, ti rí òrìṣà tó ni ín, ó rí Susanne Wenger, Àdùnní Olórìṣà, tí òun àti àwọn oníṣẹ́ ọnà ìlú fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ère àti ògiri sínú rẹ̀. Ìjọba sọ ọ́ di ohun ìṣẹ̀ǹbáyé lọ́dún 1965, UNESCO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí ẹ̀kọ́ àti àṣà, kọ ọ́ sára ogún àgbáyé lọ́dún 2005. Síbẹ̀, àwọn tó ń wa góòlù lókè odò ti da omi Ọ̀ṣun rú, nítorí pé ògiri kì í dá omi dúró. IITA, iléeṣẹ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ tó wà níhìn-ín n'Ìbàdàn, ní ọgbà àti ẹ̀ṣọ́. Láti 1967 tí wọ́n ti gba ilẹ̀ náà ni oko àtijọ́ ti padà di igbó tó tó hẹ́kítà 350, ẹ̀gà kan sì wà níbẹ̀, Ibadan Malimbe, tí kò sí níbòmíràn láyé ju ilẹ̀ Yorùbá lọ. Ní Lẹ́kí l'Ékòó, igbó hẹ́kítà 78 tí wọ́n ti ń dáàbò bò láti 1990 ni ẹ̀sìtéètì yí ká báyìí. Àwa ò ní òrìṣà, a ò ní géètì. Ìwé wa, òǹtẹ̀ wa, àti àwọn ọmọ tó ń ka ẹyẹ ni a ní. Mi ò mọ iye ọdún tí ìyẹn lè gbé wa dé.

Ẹni tó ń ṣọ́ odò jù lọ nínú wa báyìí ni ọ̀gbẹ́ni tó kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì sórí ilẹ̀ tí wọ́n dí. Òjò ọdún àkọ́kọ́ gba abẹ́ táìsì pálọ̀ rẹ̀ jáde. Ó wá sí ìpàdé, ó ní kí ẹgbẹ́ bá òun bẹ káńsù kí wọ́n fi kọnkéré la odò náà ní tààrà kí omi lè tètè lọ. Ìyá àgbà jí lójú oorun, ó ní tó bá tètè lọ, ilé òun ló máa kọ́kọ́ dé. Àríyànjiyàn náà gba ìpàdé mẹ́ta kí a tó fẹnu kò: kí káńsù kó ìdọ̀tí inú odò, kí wọ́n fẹ afárá kékeré tó wà nísàlẹ̀, kí wọ́n má fi sìmẹ́ǹtì kan etí omi. Ọ̀gbẹ́ni náà fọwọ́ sí lẹ́tà, ó sì fi ọkọ̀ rẹ̀ gbé mi lọ fún òǹtẹ̀. Lójú ọ̀nà ló bi mí pé ṣé ẹgbẹ́ lè bá òun dá owó ẹ̀rọ tó ń fa omi. Mo ní kó gbé e wá sí ìpàdé.